Ọkọ̀ Peckham tí kò sí ní Peckham

Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lẹ́bàá Rye Lane ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Peckham, àdúgbò kan ní gúúsù London, nígbà náà. Bí mo bá ti sọ níbi iṣẹ́ pé Peckham ni mò ń gbé, àwọn òyìnbó tó ti dàgbà díẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ yẹ́lò rẹ dà?" Mo rò pé wọ́n ń bú mi ni. Ẹ̀gbọ́n tó ń gẹ irun fún mi ló là á yé mi. Ó pa ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Àbúrò, o ò tíì wo Only Fools and Horses ni? Wọ́n ti ń fi Peckham ṣe yẹ̀yẹ́ kí àwa tó dé ibí."

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, eré apanilẹ́rìn-ín BBC ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1981, èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní 2003. Del Boy, tí David Jason ṣe, àti Rodney àbúrò rẹ̀ ń gbé nínú ilé gogoro ìjọba, wọ́n ń ta ọjà tí ẹnikẹ́ni kì í bèèrè ibi tó ti wá. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, yẹ́lò, ni wọ́n fi ń kó ọjà kiri. Wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn sí i lára, Trotters Independent Trading Co., wọ́n wá to orúkọ ìlú mẹ́ta tẹ̀ lé e: New York, Paris, Peckham. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá 1996, èèyàn mílíọ̀nù 24.3 ló jókòó wò ó ní Britain. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé Peckham kọ́ ni wọ́n ti yà á. Ilé gogoro tí wọ́n kọ́kọ́ lò wà ní Acton, nígbà tó yá wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Bristol.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ là á yé mi, mo wò ó. Bí ọkọ̀ náà ṣe yọ báyìí, mo pariwo. Mo mọ̀ ọ́n! Ní ilé wa n'Ìbàdàn, a ní kásẹ́ẹ̀tì Mr Bean kan tí a wò títí tí fídíò fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Gbogbo ẹni tó bá wò ó ló rántí ọkọ̀ búlúù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí Bean máa ń fi Mini rẹ̀ tì dànù, tí á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. A kì í rí ojú awakọ̀ rẹ̀. Márúwá òyìnbó là ń pè é, nítorí pé ẹsẹ̀ kan ló ní níwájú bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọkọ̀ kan náà ni ti Bean àti ti Del Boy, Reliant Regal Supervan. (Àwọn tó ń pè é ní Robin pọ̀ bí eṣú, wọ́n ṣì í. Robin ni àbúrò rẹ̀ tó jáde ní 1973.)

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀ ní ọ̀kan lára ti Del Boy wà ní National Motor Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀ tó wà ní Beaulieu, mo ní màá lọ. Mo wọ rélùwéè ní Waterloo ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹwàá, mo sọ̀ ní Brockenhurst lẹ́yìn bíi wákàtí kan ààbọ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n tán. Bọ́ọ̀sì tí mo gbójú lé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló máa ń ṣiṣẹ́. Mo wá tasí. Mo ní kó gbé mi dé "Bólíù" bí ẹni tó gbọ́ Faransé, ọkùnrin náà wò mí títí. "Áà, Bíúlì!" Owó tó gbà, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Lọ́nà, ẹṣin kan dúró gbọnin láàárín títì. Awakọ̀ pa iná ọkọ̀, kò fọn fèrè, ó ń dúró dè é. Nínú igbó New Forest, ẹṣin ló ni títì.

Lord Montagu ló dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sílẹ̀ ní 1952 ní ìrántí bàbá rẹ̀, ọkọ̀ márùn-ún péré ló fi bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Nísinsìnyí ọkọ̀ ibẹ̀ lé ní 250. N kò rí ìdajì wọn. Ibi ọkọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n ni mo gbà lọ tààrà.

Ó kéré! Imú rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹnu ẹja. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo táyà iwájú kan ṣoṣo yẹn lábẹ́ imú rẹ̀, bó ṣe rí bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin rí mi níbi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun ní ọ̀kan. Kòtò èédú ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, láísẹ́ǹsì alùpùpù nìkan ló ní. Òfin ìgbà yẹn gbà kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì alùpùpù wa ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò bá wúwo ju bíi 400 kílò lọ, owó-orí rẹ̀ sì kéré. Kó má bàa wúwo ni wọ́n ṣe fi fiberglass, ohun bí ike tó fúyẹ́, ṣe ara rẹ̀. Ó ní téèyàn bá kàn án, á dún bí ọpọ́n ìwẹ̀. Àárín ẹsẹ̀ awakọ̀ àti ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì yọ sí, nígbà òtútù, ẹsẹ̀ wọn á máa móoru, ẹ̀yìn á gan.

"Kò sẹ́ni tó rà á torí pé ó wù ú," bàbá náà ní. "Òjò la torí ẹ̀ rà á."

Mo rántí àwọn ìyá tó ń fi Márúwá kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Bódìjà. Ẹ̀rín tí mo rín nígbà Mr Bean bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí díẹ̀.

Bàbá yìí ló tún sọ fún mi pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tom Williams ló dá Reliant sílẹ̀ ní Tamworth ní 1935, nígbà tí Raleigh ò fẹ́ ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Raleigh! Kẹ̀kẹ́ tí bàbá bàbá mi gùn lọ sóko títí ọjọ́ alẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní torí pé lẹ́tà R ti wà lára àwọn irin tí Williams rà lọ́wọ́ Raleigh ló ṣe wá orúkọ tó fi R bẹ̀rẹ̀. Ní 2001, Reliant náà pa ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tì.

Mini Mr Bean náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń ya fọ́tò yí i ká. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, ọkọ̀ búlúù yẹn ni kí wọ́n wá lọ, kí wọ́n gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo fi fọ́tò han ẹ̀gbọ́n onígbàjámọ̀. Ó fi ìka fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó bi mí ní iye tí gbogbo rẹ̀ ná mi. Mo sọ fún un.

"Owó rélùwéè, owó tasí, owó ìwọlé," ó ní, "láti lọ wo Márúwá." Ó tan ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀. "Tẹ orí ba jàre."