Maki acevichado: èmi àti omi ọsàn wẹ́wẹ́

Sátidé kìíní

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tí mò ń dáwọ́ lé. Maki acevichado jẹ́ irú sushi kan, ìyẹn oúnjẹ Jàpáànì tí wọ́n ń fi ìrẹsì àti ẹja ṣe, tí wọ́n ń jẹ ní Lima, olú ìlú Perú. Edé ńlá tí a fi búrẹ́dì rírún dín àti píà ló wà nínú rẹ̀, ewé òkun gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní nori ló wé wọn, ìrẹsì ló wà lẹ́yìn ewé, ẹja túnà tútù tí a gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo gbogbo rẹ̀ lórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá da ọbẹ̀ kan lé e, ọbẹ̀ tó kan, tó sì ta díẹ̀. Ọmọ àwọn ará Jàpáànì tó tẹ̀dó sí Perú ni oúnjẹ yìí, Nikkei ni wọ́n sì ń pe irú rẹ̀. Ẹyọ 8 ni mo jẹ níta lọ́jọ́ kan níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n gbé ìwé owó rẹ̀ wá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ ra ẹní ọparun tí wọ́n fi ń ká a.

Kò sí púpọ̀ láti sọ nípa ìgbìyànjú kìíní. Ìrẹsì basmati tó wà nílé ni mo lò, mo ṣáà gbà pé ìrẹsì ni gbogbo ìrẹsì. Bí mo ṣe gbé ọ̀bẹ lé e ló fọ́n ká sórí pákó bí àgbàdo tí wọ́n dà fádìẹ. Ṣíbí la fi jẹ ẹ́.

Sátidé kejì

Mo ra ìrẹsì Jàpáànì, èyí tí hóró rẹ̀ kúrú. Mo bu kọ́ọ̀bù 2, mo ṣàn án títí omi rẹ̀ fi mọ́, mo rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 30 kí n tó gbé e kaná. Nígbà tó jinná mo pa iná, n kò sì ṣí ìdérí fún ìṣẹ́jú 10. Ọwọ́ ẹni tó ti ń se jọlọ́ọ̀fù láti kékeré á máa yún un láti ṣí i wò. Ẹ má ṣí i. Mo yọ́ ṣíbí ìjẹun 4 ọtí kíkan oníresì, ṣúgà ṣíbí 2 àti iyọ̀ ṣíbí tíì 1 pọ̀, mo wọ́n ọn sórí ìrẹsì nígbà tó ṣì ń rú èéfín. Ẹ̀gbẹ́ ṣíbí onígi ni mo fi ń là á, torí tí ẹ bá rò ó bí àmàlà, àmàlà náà ló máa dà. Ìyàwó mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ kó lè dán.

Ẹnu ìyẹn la wà tí Màámi fi pè lórí fídíò.

“Àkànní, ìrẹsì lẹ̀ ń fẹ́ lábẹ̀bẹ̀ yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa sè é?”

“A ò ní sè é, mà. Bó ṣe wà yẹn la máa jẹ ẹ́.”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé gáàsì ti tán nílé yín ni?”

Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Aràn lè wà nínú ẹja tútù. Ìdí nìyẹn tí ìlànà oúnjẹ níbí fi ní kí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ẹja tí a ó jẹ láìsè sínú yìnyín tó tutù dé -20°C, fún wákàtí 24 ó kéré tán. Fíríìsà tèmi kò tutù ju -18 lọ, nítorí náà n kì í dá a ṣe. Mo máa ń sọ fún ẹlẹ́ja pé tútù la fẹ́ jẹ ẹ́, òun á sì fún mi ní èyí tó yẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí, kíká rẹ̀ dára. Ìlàjì ewé nori ni mo lò, mo fi omi pa ọwọ́ kí ìrẹsì má baà lẹ̀ mọ́ ọn, mo tẹ́ ìrẹsì bíi gíráàmù 110 sórí rẹ̀, mo yí i dojú dé, mo kó edé àti píà lé e, mo ká a. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò. Mo wá da omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo ti po mọ́ ata lé e bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan kún un. Ìrẹsì mu ún bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu òjò àkọ́rọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú 5 tó fi di ẹ̀kọ inú abọ́.

Sátidé kẹta

Mo ti wá mọ̀ pé ọbẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ ṣàn. Ohun tó wà ní ìdí rẹ̀ ni leche de tigre, ìyẹn wàrà ẹkùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹkùn níbẹ̀, kò sì sí wàrà. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ 6, aáyù 1, atalẹ̀ díẹ̀, ìlàjì àlùbọ́sà pupa, igi ewé kọriáńdà, iyọ̀, àti ègé ẹja funfun kékeré kan tó máa jẹ́ kó ki. Mo lọ gbogbo rẹ̀, mo sẹ́ ẹ. Ají limo ni àwọn ará Perú ń fi sí i, ṣùgbọ́n ata rodo wà nílé, ẹ̀yà kan náà sì ni àwọn méjèèjì, Capsicum chinense. Ìlàjì ẹyọ kan tó. Ají amarillo ni n kò rí nǹkan fi dípò. Orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn túmọ̀ sí ata aláwọ̀ ìyeyè, àmọ́ tó bá pọ́n, àwọ̀ ọsàn ló máa ń ní, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti èso. Mo rí èyí tí wọ́n ti lọ̀ sínú ìgò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Látìn Amẹ́ríkà kan nítòsí Elephant and Castle. Mo po ṣíbí 1 rẹ̀ àti ṣíbí 3 wàrà ẹkùn mọ́ máyọ́nẹ́ẹ̀sì gíráàmù 120. Ó ki, ó dán, kò wọnú ìrẹsì mọ́.

Mo ṣáà tún bá a jẹ́ níbòmíì. Mo rẹ túnà sínú omi ọsàn fún ìṣẹ́jú 30 kí n tó fi bo sushi, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ceviche nìyẹn, ìyẹn ẹja tútù tí àwọn ará Perú ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò láìgbé e kaná. Ó dà bí ẹja bíbọ̀, ó sì ń fọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà kan rí, wákàtí mélòó kan làwọn ará Perú fi ń rẹ ẹja wọn lóòótọ́. Àwọn ará Jàpáànì ló gé e kúrú. Ní 1899 ni ọkọ̀ Sakura Maru gbé ará Jàpáànì 790 wá sí èbúté Callao ní Perú kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Nígbà tí àwọn ará Jàpáànì tó wà níbẹ̀ kúrò lóko tí wọ́n ń ṣí búkà nílùú, wọn kò rí ìdí tí wọ́n á fi jẹ́ kí ọsàn se ẹja tó dára jinná. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ceviche ń lò nínú ọsàn báyìí. Ceviche ìgbà ìwáṣẹ̀ lèmi ń ṣe ní tèmi.

Sátidé kẹrin, ìyẹn àná

Mo dín ọtí kíkan inú ìrẹsì kù sí ṣíbí 3, torí ọbẹ̀ ń mú kíkan tirẹ̀ bọ̀. N kò rẹ túnà rárá. Mo tò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀ sórí sushi tí mo ti ká, mo fi láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, mo fi ẹní tẹ̀ ẹ́ kó lẹ̀, mo sì gé e bẹ́ẹ̀ láìtíì ṣí láílọ́ọ̀nù, mò ń nu ọ̀bẹ lákísà tútù lẹ́yìn ègé kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí a jókòó tán ni mo bu ọbẹ̀ lé e, ìdajì ṣíbí fún ẹyọ kan.

Nínú ẹyọ 8, 6 dúró ṣinṣin. Ìyàwó mi jẹ 5, mo kà á.

Edé ló kù. Ó ń ká kò bó bá kan òróró gbígbóná, ìyẹn ló fi yọ orí síta nínú ẹyọ méjì yẹn tó sì tú wọn. Wọ́n ní kí n máa fi ọ̀bẹ sá ikùn rẹ̀ ní ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó lè nà gbọọrọ, kí n sì jẹ́ kó tutù lórí àgbékà onírin kí n tó ká a, nítorí ooru rẹ̀ ń rọ nori. Mo ti ra edé 12 sílẹ̀ de Sátidé. Màámi ní kí n fi díẹ̀ se ẹ̀fọ́ o.