Ẹ yé sọ fún màmá yín pé "ẹ lọ ṣe ẹsasáìsì"

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ. Ọmọ á sọ ọ́, pásítọ̀ á sọ ọ́, dókítà náà á sọ ọ́ níbi tó ti ń kọ oògùn, "Mà, ẹ máa ṣe ẹsasáìsì o", màmá á ní àwọn ti gbọ́, wọ́n á délé, wọ́n á jókòó pa. Látìgbà tí mo ti ń bá màmá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, níbí l'Adó-Èkìtì nítorí orúnkún ni mo ti ń rí i pé àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pàṣẹ, ìbéèrè ni wọ́n fi ń mú èèyàn dìde.

Èyí tó ń rí sí tiwa, ọmọbìnrin kan tí màmá lè bí lọ́mọ ìkẹyìn, ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó wá bèèrè pé kí ló ń wù wọ́n láti ṣe tí orúnkún yìí ò jẹ́ kí wọ́n ṣe. Kò tíì fọwọ́ kan orúnkún o! Màmá ní àwọn fẹ́ lè kúnlẹ̀ gbàdúrà, àwọn sì fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọjà Ọba bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ à ń dúró de ọ̀kadà ti sú àwọn. Ohun tó kọ sí fáìlì nìyẹn, gbogbo ẹsasáìsì tó fún wọn lẹ́yìn náà ló ń so mọ́ ọjà àti àdúrà yẹn.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù, ó ní láti 0 dé 10, báwo ló ṣe dá wọn lójú tó pé wọ́n á lè máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́. Màmá ní 4. Ká ní èmi ni, ǹ bá ní "kí ló dé tí kò tó 8, Mà?", wọn ì bá sì ka gbogbo ìrora ayé wọn sílẹ̀ fún mi. Físíò ní "ẹ ṣé Mà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò mú 1?" Hà, màmá bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà 4 wọn, pé àwọn kì í ṣe ọ̀lẹ, pé láti kékeré n'Ìkẹ́rẹ́ lábẹ́ àpáta Olósùnta làwọn ti ń ru igi láti oko wálé, pé ilé ọ̀rẹ́ àwọn ò kúkú jìnnà, àwọn lè rìn débẹ̀ nírọ̀lẹ́... Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi ṣètò ìrìn tí mo ti ń tìtorí ẹ̀ bẹ̀ wọ́n látọjọ́ yìí.

Ìbẹ̀rù ló tún kù. Lójú ọ̀pọ̀ àgbà, orúnkún tó bá ń dunni ti gbó nìyẹn, kéèyàn yáa máa ṣọ́ ọ lò kó má tán. Físíò ní rárá o, ohun rírọ̀ tó bo orí egungun níbi oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀, inú omi oríkèé ló ti ń jẹun, ìgbà tá a bá ń tẹ̀ ẹ́ tá a sì ń tú u sílẹ̀ ni omi yẹn ń wọ inú ẹ̀ dáadáa, iṣan itan tí ò bá sì ṣiṣẹ́ á rọ, gbogbo ìwúwo ara á wá já lé orúnkún. Ó ní tó bá dùn wọ́n díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é kí wọ́n má sá, tó bá ti rọlẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ kò séwu, àfi tó bá le ju ti àná lọ ni kí wọ́n dín in kù. Ọ̀rọ̀ yẹn fi màmá lọ́kàn balẹ̀ ju róòbù lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà wọn ti ọdún 2020, ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìdárayá tó ń mú kéèyàn máa mí yára díẹ̀ fún 150 sí 300 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, àti èyí tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán, ẹni tó bá ti pé ọdún 65 sì tún gbọ́dọ̀ fi èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣubú kún un lọ́jọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀. Físíò yìí ò dárúkọ 150 létí màmá rárá, ọgbọ́n gidi sì nìyẹn lójú tèmi. Ìlànà 2020 yẹn kan náà ló yọ ti àtijọ́ kúrò, èyí tó ní ó gbọ́dọ̀ tó 10 ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ ìṣirò. Nítorí náà láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, ó wọ ìṣirò. Kí wọ́n dìde lórí àga láìfọwọ́tì nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí oúnjẹ tó délẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Adó yìí òkè lọ òkè bọ̀ ni, sísọ̀kalẹ̀ sì máa ń ni orúnkún lára ju gígun òkè lọ, ó wá ní kí wọ́n fi ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó tẹ́jú bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n rìn débi tí wọ́n ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò ní lè kọrin. Màmá, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, ní irọ́ ni, àwọn á kọrin!

Ó wá yíjú sí mi. Ta ló ń bu omi fún Mà? Èmi. Ta ló ń gbé rìmóòtì wá? Ọmọ mi. Ta ló ń gúnyán? Ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ló rà á fún wọn. Ẹ gbọ́, obìnrin Èkìtì tó ti ń gúnyán láti ọmọge, wọ́n gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ẹ̀! Físíò ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó kàn ní èwo nínú iṣẹ́ wọ̀nyí la lè dá padà fún wọn. Mo gbà pé ọ̀wọ̀ tá a ní fún àgbà wà lára ohun tó ń so wọ́n mọ́ àga, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Ìgbà tí màmá dìde lọ bu omi fúnra wọn tí mo jókòó tí mò ń wò wọ́n, ìyá kan ládùúgbò ní "ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò láàánú ìyá ẹ ni?"

Kì í ṣe gbogbo físíò ló rí báyìí ṣá. A ti pàdé èyí tó gbé ẹ̀rọ gbígbóná lé orúnkún tó wá lọ ń tẹ fóònù, àwọn aláìsàn sì fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn gan-an torí kì í mú èèyàn làágùn.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá fi ń máàkì ọjọ́ tí wọ́n bá rìn. Òjò wá ń rọ̀ ṣáá, ọjọ́ tí ò ní máàkì pọ̀, mo ti ń retí ìbáwí, físíò kàn ní "tó bá tún rọ̀, ibo la ó ti rìn, Mà?" Màmá ní pásééjì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ ò tíì bọ́ sí i, orí àga ni wọ́n ṣì ti ń gbàdúrà. Ọjà Ọba ní tiẹ̀, wọ́n ń rìn lọ, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn bọ̀ nítorí ẹrù.