Ìrora Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Lára Ẹni Tó Sanra: Ohun Tí Mo Kọ́ Ní Wọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sí wọ́ọ̀dù àwọn tó jáde ní tíátà, ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́: lára ẹni tó sanra gan-an, oògùn tó ń pa ìrora náà ló lè pa èémí. Àwọn kan wá bẹ̀rù èyí débi pé wọ́n á fi aláìsàn sílẹ̀ kó máa joró. Ìyẹn náà ò dáa rárá. Ẹni tí ojú abẹ ń ro ò ní lè wúkọ́, kò ní lè mí kanlẹ̀, kò sì ní fẹ́ dìde rìn. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, àìsàn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń béèrè. Ní Ìbàdàn níbí, tẹ́ ẹ bá bi ìyá kan tó ń tajà ní Bódìjà pé, "Màámi, ṣé ara ti ń balẹ̀?" wọ́n á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Wọ́n lè di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi máa ń ní, "Ẹ bá mi wúkọ́ díẹ̀, mà," màá sì máa wo ojú wọn. Tójú bá fún pọ̀, tọ́wọ́ sáré lọ sí ikùn, mo ti gbọ́ ìdáhùn mi. Lẹ́yìn náà ni màá bi ọkọ tàbí ọmọ wọn: ṣé wọ́n máa ń hanrun? Ṣé èémí wọn máa ń dá lójú oorun kó tó tún já padà? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rọra ṣe lórí morphine, oògùn ìrora tó lágbára yẹn, kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún dókítà tó fún wọn lóògùn oorun ní tíátà.

Tí aláìsàn bá wọn 140 kílò, ẹ má fi 140 ṣírò morphine. Ìwọ̀n ara láìka ọ̀rá la fi ń ṣírò, díẹ̀díẹ̀ la sì ń fún un. Parasítámọ̀ ti àgbàlagbà kì í pọ̀ sí i nítorí ìsanra: gíráàmù 1 ní wákàtí 6 síra, kó má ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ fún un lásìkò, ẹ má dúró dìgbà tó bá ké. Tí kíndìnrín dáa, tí kò sì ní ọgbẹ́ inú, ibuprofen tàbí diclofenac lè kún un. Bupivacaine, oògùn tó ń mú kí ojú ibi kan kú tipiri, tí dókítà bá fi sójú abẹ kó tó rán an tán náà máa ń dín morphine kù púpọ̀.

Abẹ́rẹ́ ìdí ńkọ́? Inú ọ̀rá ló sábà ń mọ, kì í dé ẹran ara. Oògùn á jókòó síbẹ̀, ìrora ò ní lọ, ẹ ó tún gún òmíràn, àfìgbà tí méjèèjì bá jọ wọ ẹ̀jẹ̀ lóru.

Òru àkọ́kọ́ gan-an ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Mọ̀lẹ́bí á ní, "Ọpẹ́ o, wọ́n ti sùn." Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ gbé ìhà orí bẹ́ẹ̀dì sókè, kẹ́ ẹ ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má gbójú lé ẹ̀rọ orí ìka tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ nìkan: tí ọ́síjìn bá wà nímú, ó ṣì lè máa ka 98 nígbà tí èémí ti ń lọ sílẹ̀. Tí èémí ò bá tó 10, tàbí tẹ́ ẹ pè é tí kò lajú dáadáa, ẹ dá morphine dúró, ẹ jí i, ẹ pe dókítà, kí naloxone, oògùn tó ń pa agbára morphine, sì wà lọ́wọ́. Tó bá wá lajú lẹ́yìn naloxone, ẹ má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; naloxone máa ń tètè tán lára ju morphine lọ, oorun yẹn sì lè padà.