Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìfun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, èsì láàbù kan wà tí mo kà, àmọ́ tí mi ò fetí sí. Bàbá àgbẹ̀ kan ni. A gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá wọn, a sì so ìfun pọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, CRP wọn, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí ara bá fara pa tàbí bí àkóràn bá wọ̀ ọ́, ga. Mo ní ọ̀bẹ tó kan ara ló fà á. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún lé sí i. Ikùn wọn rọ̀, ara wọn ò gbóná, wọ́n tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ oko kòkó wọn fún mi. Ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ni ibà dé, a sì rí i pé ojú ibi tí a so ti ń jò. Wọ́n yè, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ tíátà.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó máa ń ga jù lọ ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 19, ìdajì rẹ̀ á ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, bí kò bá sí ohun tó ń koná mọ́ ọn, ó yẹ kó ti máa wálẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Bó bá kọ̀ tí kò wálẹ̀, iná kan ṣì ń jó lábẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà ló ń fi nǹkan bí 150 mg/L lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin ṣe ààlà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa pé ìfun ò jò. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kò tíì sọ ibi tí ìṣòro wà: ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jẹ́ ojú ọgbẹ́. Ẹ pe ọ̀gá yín, kí ẹ wá a rí.

Ẹ ṣọ́ra fún ìṣirò neutrophil sí lymphocyte, ìyẹn oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ méjì tí àwọn kan máa ń fi wéra láti wá àmì àkóràn. Púpọ̀ nínú àwa ènìyàn dúdú ni neutrophil wa máa ń kéré nítorí irú ẹ̀jẹ̀ kan tí a jogún, tí wọ́n ń pè ní Duffy-null, láìsí àìsàn kankan. Ààlà tí wọ́n fà lára àwọn ará Yúróòpù lè ṣì wá lọ́nà.

Ní ti CEA, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ ìfun, ẹ gbà á kí wọ́n tó gé jẹjẹrẹ náà. Ó máa ń dùn mí bí aláìsàn bá fi owó àpò ara rẹ̀ ṣe é lóṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí mo ṣí fáìlì rẹ̀, tí mi ò rí ti àkọ́kọ́ tí n ó fi wé e.