Òkè orí báà ló fẹ́ gba ẹ̀mí mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì gégi, ojú ọgbẹ́ yìí ò tíì jinná, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń tẹ eléyìí. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò mọṣẹ́ o, ó ti tó ọdún 9 tí mo ti ń gégi káàkiri Ifẹ̀.

Sátidé tó kọjá, arère kan wó lu kòkó bàbá kan lọ́nà Ìfẹ́wàrà, wọ́n ní kí n wá gé e kúrò. Mo ti gé ìtì ẹ̀ tán, ó ku ẹ̀ka, ewé sì bo gbogbo ẹ̀. Mo ti ẹ́ńjìnnì bọ àárín ewé, mi ò mọ̀ pé ẹ̀ka míì wà lábẹ́ ẹ̀, àfi bí orí báà, ìyẹn irin gbọọrọ tí ṣéènì ń yí lára ẹ̀, ṣe kàn án. Ẹ́ńjìnnì fò sókè lójú ẹsẹ̀, ó dojú kọ mí, mi ò gbọ́ ariwo mọ́, ṣéènì tó ń yí ni mo rí tó ń bọ̀ níbi ojú mi. Mo yí orí, ó bọ́ sí èjìká òsì. Aṣọ ya, ẹran ya, ẹ̀jẹ̀ bò mí, ọmọ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pariwo "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn!" mò ń gbọ́ ọ, ẹnu mi ò ṣí. Ọmọ mi kékeré ni mo ń rí lójú mi.

Wọ́n ti rán ojú ọgbẹ́ náà, mo ti wà nílé.

Ìdajì òkè níbi tí báà ti rí roboto yẹn, ẹ má jẹ́ ó kan igi rárá. Tó bá kan igi, eyín ṣéènì á há, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì á wá ti báà sókè padà sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú. Irin tó wà níwájú ọwọ́ òsì, búrèkì ni, tọ́wọ́ bá tì í ṣéènì á dúró. Tèmi ti kán tipẹ́, mo ní iṣẹ́ ń lọ. Ó dùn mí gan-an.

Ṣéènì mi tún ti kú, òjò ni ò jẹ́ n pọ́n ọn, mo ní fáìlì. Ṣéènì tó kú, tipátipá lẹ máa fi tì í wọgi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n: ní ti bí eyín ṣe jìnnà síra (íǹṣì), .325 ò bá 3/8 ṣe; ní ti bó ṣe nípọn (mìlímítà), 1.6 ò lè wọ ojú báà 1.3, ẹ tún ka eyín inú ẹ̀ tó ń wọ ojú báà. Tẹ́ ẹ bá fà á nígbà tó gbóná, ẹ dẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò lóko, tó bá tutù á fún. Ẹ má ṣahun ọ́ìlì.

Àmọ́ orí báà ni mò ń bẹ̀ yín sí. Ẹ ṣí ewé kúrò, ẹ wo ẹ̀yìn igi kẹ́ ẹ tó gbé ẹ́ńjìnnì sí i, kí àtàǹpàkò òsì yí ibi tẹ́ ẹ dì mú po, ẹ má gbé e kọjá èjìká. Mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi ọ̀dà pupa sàmì síbẹ̀ lára báà, tó bá ti pa rẹ́ kó tún un kùn, a ò sì ní tan ẹ́ńjìnnì yẹn mọ́ títí wọ́n á fi bá wa ṣe búrèkì ẹ̀.