Ìbọn Onígi Tí Ó Wọ̀ Mí Lójú

Houston, alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ìbọn kan kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ti pinnu pé n kò ní sùn lálẹ́ òní kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí n lè fi ojú ara mi rí i bóyá ìbọn ni mo fẹ́ rà ni, tàbí nǹkan mìíràn tí kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Marlin Camp 9 ni ìbọn náà, ìbọn gígùn tí ó ń jẹ ọta ìbọn ìléwọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní kábáìnì níhìn-ín. Ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní ọdún 1999. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ lónìí, àlòkù ni yóò rà.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí àwọn èèyàn ti máa ń fi ẹrù wọn dógò ni mo ti rí i. Láàárín àwọn ìbọn oníke dúdú tí wọ́n tò bí ẹni to igi ìdáná, òun nìkan ni ìdí rẹ̀ jẹ́ igi. Mo ní kí ọkùnrin tí ó ń tajà bá mi gbé e wá. Ó ṣí i, ó fi hàn mí pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ó sì nà án sí mi. Ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 16 àti ààbọ̀, tí ó fi ìdajì íǹṣì péré ju ìwọ̀n tí òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ọ̀pá ìbọn gígùn bẹ́ẹ̀ má ṣe kéré sí. Gbàrà tí mo gbé e lé èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mọ ibi tí yóò sùn sí.

N kò ní parọ́, bàbá mi ni mo rántí. Ọdẹ ni wọ́n ní ẹ̀bá Ìṣẹ́yìn. Ṣakabùlà wọn ga jù mí lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n bí a bá ń bọ̀ láti oko, tí kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀ mọ́, wọn a máa jẹ́ kí n gbé e títí a ó fi rí òrùlé ilé àkọ́kọ́. Ibi tí ọwọ́ wọn ti máa ń dì í mú ti dán, ó ti pọ́n bí ẹni fi epo pa á. Ibi kan náà gan-an ni ó dán lára Marlin yìí, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òyìnbó kan tí n kò mọ̀ rí ni ó mú un dán. Dọ́là 750 ni ọkùnrin náà pè é. Mo dá a padà sórí tábìlì kí ẹnu mi má baà sọ ohun tí àpò mi kò rán an.

Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa ìbọn lè béèrè pé kí ni ọta kékeré ń wá nínú ìbọn gígùn. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Ní ọdún 1873, Winchester gbé ìbọn gígùn kan jáde tí ó ń jẹ ọta .44-40, nígbà tí ó di ọdún 1878, Colt ń ṣe ìbọn ìléwọ́ tí ó ń jẹ ọta kan náà. Darandaran tí ó wà lórí ẹṣin, páálí ọta kan ṣoṣo ni yóò rà, yóò sì fi bọ́ èyí tí ó so mọ́ ìbàdí àti èyí tí ó so mọ́ gàárì, gẹ́gẹ́ bí ìyá olóúnjẹ ti ń bu ọbẹ̀ láti inú ìkòkò kan fún ẹni tí ó fẹ́ iyán àti ẹni tí ó fẹ́ àmàlà. Ohun tí ó sì mú mi nìyẹn. Ìbọn ìléwọ́ Smith & Wesson 5906 ni mo ní nílé, ilé ọta mẹ́rin, ìyẹn àpò irin tí a ń to ọta sí kí a tó tì í bọ inú ìbọn, ni mo sì rà fún un. Camp 9 ń lo ilé ọta àwọn ìbọn irú 59 tí 5906 mi wà lára wọn, nítorí náà ohun tí mo ti fi owó rà tẹ́lẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Camp 45, ìkejì rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e jáde, ti ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n ń pè ní 1911 ni òun ń lò. N kò ní irú rẹ̀, n kò sì ronú kàn án.

Kí n má tan ara mi: ọ̀pá gígùn kò sọ ọta 9mm, èyí tí Camp 9 àti ìbọn ìléwọ́ mi ń jẹ, di ọta ńlá. Ẹ̀tù tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti jó kí ọta tó rìn jìnnà nínú ọ̀pá, nítorí náà díẹ̀ ni eré tí ó ń rí lé e. Ìdúró ni èrè ibẹ̀. Mo ti yá irú kábáìnì bẹ́ẹ̀ yìn ní pápá ìyìnbọn. Ní yáàdì 50, níbi tí mo ti ń fi ìbọn ìléwọ́ fọ́n ihò ká bébà bí ẹni gbin àgbàdo láìfa okùn, ìbọn tí ó fara ti èjìká jẹ́ kí ihò márùn-ún súnmọ́ra débi pé ìkúùkù mi lè bò wọ́n. Ariwo rẹ̀ náà kò gún etí tó ti ìbọn ìléwọ́.

Èmi ìbá ti sanwó ní ọjọ́ yẹn bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ máa ń lọ sí pápá, tí ó ti ń tún ìbọn ara rẹ̀ ṣe kí n tó dé orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí mo ṣàpèjúwe ìbọn náà fún wọn lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbúrò, igi ni ò ń wò, inú irin ni ọ̀rọ̀ wà. Jẹ́ kí ẹni tí ó ń tà á tú u lójú rẹ kí o tó sanwó."

Ohun tí wọ́n ń sọ nìyí. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tí ó ń ti ìdí ọta pa nínú irú ìbọn yìí nígbà tí ó bá ń dún. Ìwúwo irin ńlá kan àti agbára sípíríǹgì ni ó ń dì í mú. Bí ọta bá ti jáde, irin náà yóò fò sẹ́yìn, yóò ta èèpo ọta nù, yóò sì padà wá kó òmíràn. Ike kékeré kan ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó máa gba ìkọlù náà. Ike sì ń gbó. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú òróró àti ooru, yóò gbẹ, yóò sì máa rún. Bí sípíríǹgì bá tún ti rọ̀, irin yóò máa gbá irin ní gbogbo ìgbà tí a bá yìn ín, igi tí mo ń yọ̀ mọ́ ni yóò sì gba ìyókù ìyà náà.

Ní òwúrọ̀ òní, mo padà lọ. Ọkùnrin náà lọ́ra díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mú ìtúdè rẹ̀ jáde, ó tẹ́ aṣọ funfun kan sórí tábìlì, ó sì yọ irin kúrò lára igi. Nǹkan rún sórí aṣọ náà bí ìdí gúgúrú. Ike ọ̀hún ni. Èyí tí ó kù nínú rẹ̀ fọ́ sí méjì nígbà tí mo fi èékánná kàn án. Mo yí igi náà sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, mo sì rí ìlà tín-ínrín kan níbi tí igi ti pàdé ìdí irin, kò gùn tó ìka ọwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n ó ti là. Ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ kò tú u rí, ó ń yìn ín lọ ni. Ike tuntun kò wọ́n, sípíríǹgì tí ó le ju ti àtijọ́ lọ náà sì wà lọ́jà. Igi ni ìṣòro, nítorí ìdí igi tuntun fún ìbọn tí a kò ṣe mọ́, àfi kí ènìyàn máa ṣọ́ ọ.

Kábáìnì tuntun kúkú wà. Ruger, iléeṣẹ́ tí ó ra Marlin ní ọdún 2020, ń ṣe tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ PC Carbine láti ìparí ọdún 2017: ó ń túká sí méjì, ó lè lo ilé ọta ìbọn ìléwọ́ Glock, ẹ̀yà rẹ̀ kò sì ní wọ́n láti rí. Bí ó bá jẹ́ pé ọpọlọ nìkan ni mo fi ń rajà, n kò ní wá Camp 9 mọ́. Mo gbé PC Carbine náà lé èjìká ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i, ṣùgbọ́n mo gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin kò gba àkókò mi. Fọ́ọ̀mù 4473, tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tí ó bá ń ra ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù kọ, ni n óò kọ, n óò sọ ibi tí wọ́n ti bí mi, wọ́n óò sì wádìí orúkọ mi lọ́dọ̀ FBI, bí wọ́n ti ṣe nígbà tí mo ra ti ìléwọ́. Ìyá Bọ́lá ni ó béèrè ohun tí fọ́ọ̀mù kò béèrè. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, ṣé ó máa gba inú àpótí irin yẹn?" Mo dìde lọ wọn àpótí náà. Kò gbà á. Ìbọn ìléwọ́ ni mo rà á fún, àwọn ọmọ méjì sì ń sáré káàkiri ilé yìí, nítorí náà àpótí gíga kan ni n óò kọ́kọ́ rà kí ìbọn gígùn kankan tó wọlé. Mo fi owó rẹ̀ kún owó ìbọn, mo fi ti ike àti sípíríǹgì kún un, àròpọ̀ rẹ̀ sì mú mi jókòó.

Nítorí náà, n kò ní ra á ní dọ́là 750. Mo ti pe ọkùnrin náà, mo ní dọ́là 500 ni mo ní fún ìbọn tí igi rẹ̀ ti là, ó sì ní òun yóò bi ọ̀gá òun. Mo fi owó náà sínú àpòòwé kan lórí fíríìjì. Ìyá Bọ́lá ti béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá kò ní tó tún ẹ̀rọ ìfọṣọ ṣe. Mo ní kí ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.