Páálí Tòmátì Tó Ń Lọ sí Tomtor

Yakutsk, Siberia ní Rọ́ṣíà, ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù kìíní

Kúbùsù mẹ́ta la fi wé páálí tòmátì kan láàárọ̀ yìí. Mo di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé yàrá ń fi sẹ́lótéèpù yí i po bí ẹni ń pọn ọmọ jòjòló. Màmá rẹ̀ ló ń retí tòmátì ní Tomtor, abúlé wọn. Bí atẹ́gùn òtútù bá ráyè wọlé díẹ̀ báyìí, òkúta ni wọ́n máa gbé kalẹ̀ níwájú màmá náà.

Bọ́ọ̀sì kékeré aláwọ̀ eérú kan ló gbé e. Buhanka ni wọ́n ń pè é, ìyẹn odindi búrẹ́dì, torí bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Dírẹ́bà ò pa ẹ́ńjìnnì ní gbogbo ìgbà tó fi ń di ẹrù. Mo béèrè ìdí. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní tóun bá pa á, ká jọ padà wá ṣí i lóṣù kẹrin.

Odò ló kọ́kọ́ máa sọdá. Kò sí afárá lórí Lena níbí, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Nígbà òtútù, orí omi tó dì ni mọ́tò ń gbà. Nígbà ooru, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò kọjá. Tí omi bá wá ń dì lọ́wọ́ tàbí tó ń yọ́, kò sí èyí tó ṣe é gbà nínú méjèèjì. Nizhny Bestyakh lódìkejì ni títì Kolyma tó lọ sí Magadan ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ayé Stalin ló la títì yẹn, àwọn tó sì kú sídìí ẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀nà egungun lorúkọ tí wọ́n fún un.

Nígbà tá a padà dé yàrá, ọ̀rẹ́ mi ya àwòrán ulus wọn sórí páálí kan tó ṣẹ́kù. Níbòmíràn ní Rọ́ṣíà, raion ni wọ́n ń pe irú ẹ̀. Àwọn Sakha, ọmọ ìbílẹ̀ ibí, ní ulus. Abẹ́ ulus ni nasleg wà, abúlé kan tàbí méjì-mẹ́ta tó ní olórí tiẹ̀. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ìjọba ìbílẹ̀ àti wọ́ọ̀dù náà nìyẹn. Àfi ìgbà tó sọ bí Oymyakonsky, ulus tiwọn, ṣe fẹ̀ tó: bí 92,200 kìlómítà níbùú lóròó. Mo mú fóònù, mo ro ìpínlẹ̀ wa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, láti Èkó dé Èkìtì. Wọn ò tó o. Gbogbo Nàìjíríà pátá, bí ìlọ́po mẹ́wàá ẹ̀ péré ni. Èèyàn inú ẹ̀ wá ńkọ́? 10,109 ni wọ́n kà lọ́dún 2010. Ọjà Bódìjà á gba gbogbo wọn, àyè á tún ṣẹ́kù fún alábàárù.

Wọ́n pọ̀ jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀. Ní 1989, wọ́n tó bí 30,000. Góòlù ló kó wọn dé. Ọdún 1937 ni wọ́n tẹ ìlú Ust-Nera dó, níbi tí odò Nera ti wọnú Indigirka. Nígbà tí Soviet túká tí owó ìjọba sì gbẹ, àwọn tó wá ṣiṣẹ́ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ. Àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀ ni ò lọ, àwọn Sakha tó ń sin ẹṣin àti màlúù, àti àwọn Even, ẹ̀yà ìbílẹ̀ mìíràn tó ń sin rèńdíà, látọjọ́ pípẹ́.

Ibí ni ọ̀rẹ́ mi ti gbóná. Tomtor gan-an ni ibùjókòó ìjọba ulus tẹ́lẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe gbé e lọ sí Ust-Nera ní àwọn ọdún 1950. Góòlù fa ìjọba lọ́wọ́ lọ. Títì náà tún tẹ̀ lé wọn. Ó fi ìka tẹ oríta Kyubeme lórí páálí: látibẹ̀, títì àtijọ́ yà gba Tomtor, títì tí wọ́n ń tọ́jú báyìí forí lé Ust-Nera. Èyí àtijọ́ ti di igbó àti yìnyín. Ní ìparí ọdún 2020, máàpù orí fóònù darí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tó ń lọ sí Magadan gba ibẹ̀. Ọkọ̀ wọn bàjẹ́ sójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn kú sínú òtútù.

Ní ti òtútù fúnra ẹ̀, ó ti sú mi. Gbogbo ẹni tó bá pè mí láti ilé, òun ni wọ́n ń béèrè. Ó dáa: ìwọ̀n Celsius 67.7 nísàlẹ̀ òdo, ní Oymyakon, abúlé tó fún ulus náà lórúkọ, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, 1933. Àwọn ará Verkhoyansk, ìlú mìíràn nílẹ̀ Sakha, ní tàwọn ló ṣáájú, 67.8 ní 1892. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa jà á. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n ní ìtumọ̀ Oymyakon ní èdè Even ni omi tí kì í dì, nítorí ìsun omi tó wà níbẹ̀.

Dírẹ́bà ní òun á dé Tomtor ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọ̀la. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi ṣètò aago sí mẹ́jọ ká lè pe màmá rẹ̀. Ó mi orí. Aago ulus wọn fi wákàtí kan ṣáájú ti Yakutsk tó jẹ́ olú ìlú wọn. Ó ṣètò ẹ̀ sí méje.